Àgò Mẹ́ta ní Abà Ológbẹ̀nlá

"Àgò onílé o!"

Ìgbà kẹta nìyẹn. Kámẹ́rà ìjọba tó wà láyà mi ló gba ohùn náà lẹ́nu mi, ó sọ ọ́ di ńlá, ó sì jù ú lu ògiri àká tó wà níwájú mi. Ohùn náà yí gbogbo abà ká, ó sì padà wá bá mi láti ẹ̀yìn, débi pé èmi gan-an tí mo pariwo fẹ́rẹ̀ẹ́ bojú wẹ̀yìn wò. Lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Bí òfin ṣe wí nìyẹn. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn okùn pupa tí a ta yí ilé ká, kò gbọdọ̀ kanlẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ yọjú wo inú ilé. Kó pe àgò lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì fetí sílẹ̀. Bí èèyàn bá dáhùn, ilé èèyàn ni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, ahoro ni.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọyẹ́ ń fẹ́, páànù kan ń lu ara rẹ̀ lókè, ó tán. Iná orí kámẹ́rà yí sí àwọ̀ ewé. Mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn, mo ní, "Èmi Ìbídùn Ọ̀rẹ́níyì, mo búra pé mo pè, wọn kò sì dá mi lóhùn." Ó dún tín-ín. Àwòrán ti wọlé, èdìdì sì ti wà lórí rẹ̀.

"Ṣé ó ti gbà á?" Bọ̀dá Láníhùn ló ń bèèrè láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Òun ló ń wa ọkọ̀, òun náà ló sì ń tọ́jú ohun tí ọkọ̀ gbé. A ti jọ ń ṣiṣẹ́ yìí kiri oko láti ọdún tó kọjá.

"Ó ti gbà á, Bọ̀dá."

"A dúpẹ́. Jẹ́ kí n tú àwọn ọmọ mi sílẹ̀ kí wọ́n yáàrùn."

Àwọn ọmọ rẹ̀ ni Ikán, ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ tó ń jẹ ilé. Ìjọba ní orúkọ gígùn kan fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ọ̀gá wa. Ikán làwa ń pè wọ́n, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Inú garawa ni wọ́n ń gbé. Bí Bọ̀dá Láníhùn bá ṣí ìdérí, wọn á dà jáde bí ẹ̀wà dúdú, wọn á sì kọ́kọ́ sùn sínú oòrùn. Títí ẹ̀yìn wọn yóò fi gbóná, wọn kì í mira. Bó bá wá gbóná tán, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á forí lé ibi tí èdìdì wà. Bíríkì, páànù, pákó, irin, aṣọ, wọn kì í ṣa ohun tí wọ́n ń jẹ. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló máa kù. Ìka mẹ́ta ló wà ní ọwọ́ òsì Bọ̀dá Láníhùn. Ó ní ọjọ́ kan lòun lọ́ra.

"Ẹ ṣọ́ra o," mo sọ fún un bó ṣe ń yí garawa. "Èyí tó kù yẹn lẹ fi ń wa ọkọ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ ò ní jẹ́ kó o rọ́kọ fẹ́."

Ó dà wọ́n sílẹ̀, ó gbọn ìsàlẹ̀ garawa, ó sì wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Ó fa ọ̀rá oúnjẹ rẹ̀ ya, èyí tí wọ́n ń pò nínú àgbá nílé iṣẹ́, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

"Tòní ní adùn iṣu," ó ní.

"Ta ló sọ fún wọn pé bí iṣu ṣe ń dùn nìyẹn?"

"Wọ́n ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti jẹ iṣu rí?"

Ó rò ó díẹ̀. "Wọ́n ti fòfin de oko dídá kí n tó léyín. Ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n sì bí mi sí. Bàbá mi jẹ ẹ́. Ó ní tó bá jẹ́ gidi, èéfín máa ń jáde lára ẹ̀." Ó ti oúnjẹ tútù náà sẹ́nu, ó sì gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo rìn wọ inú abà lọ. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ahoro oko. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń sáré ṣe é kí wọ́n lè tètè padà sígboro, ṣùgbọ́n èmi ní kámẹ́rà kékeré tèmi nínú àpò, òun ni mo máa ń fi ya ohun tí ìjọba ò bèèrè. Ọ̀pá tí ẹnìkan fi ti ilẹ̀kùn. Bàtà òjò kan ṣoṣo. Ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì pọ́n díẹ̀díẹ̀ lójú. Mi ò mọ àwọn tó gbé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí pé kí nǹkan wọn lọ láìsí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Abà Ológbẹ̀nlá yìí ṣe mí bákan ṣá. Ahoro a máa kún fún igbó, èyí mọ́. Àárín ilé mọ́ tónítóní, ewé kan kò sí nílẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń retí àlejò. Mo ti fẹ́ sáré padà sọ́dọ̀ Bọ̀dá Láníhùn kí n tó rí ohun tó ń gbá a. Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ kékeré kan ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ́. Ó ń yí lọ, ó ń yí bọ̀, ó gbá dé etí àká, ó gbá dé ẹnu ilé adìẹ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oòrùn ló ń bọ́ ọ. Ta ló mọ iye ọdún tó ti ń gbálẹ̀ fún ẹni tí kò sí. Mo rẹ́rìn-ín ara mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò débì kan.

Mo pe àgò sí ilé adìẹ. Ó dákẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo búra, mo sì wọlé. Ilé gígùn ni, àgò adìẹ tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìpẹ̀kun, irin wọn ti pupa. Oòrùn gba ojú ihò páànù wọlé, ó ń tò kóbókóbó sílẹ̀. Ìyẹ́ funfun kan ṣì há sára àgò kan, ọyẹ́ ń mì í. Mo kúnlẹ̀, mo yà á. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti pè mí. Ohùn rẹ̀ wọ etí mi láti inú ẹ̀rọ kékeré tí mo fi há a.

"Ìbí, ṣé ẹ ti parí?"

"Ó ku ilé kan, Màámi. Ilé gbígbé."

"Wọ́n kó àwọn ará àjà kẹta lọ láàárọ̀ yìí. Àgọ́ Iyanrìn ni wọ́n kó wọn lọ. Ìyá Fọlọ́runṣọ́ di ògiri mú, àwọn mẹ́rin ló fà á kúrò. Àwa ló kàn."

"Ẹ ò ní lọ sí Àgọ́ Iyanrìn. Ibi tí mo dúró sí yìí ni wọ́n máa fún yín. Igi wà níbẹ̀, Màámi. Kànga wà níbẹ̀."

"Ṣé omi rẹ̀ dùn?"

"Mi ò tíì tọ́ ọ wò."

"Tọ́ ọ wò kó o sọ fún mi," ó ní, ó sì gbé e sílẹ̀ kí n má baà gbọ́ pé ó ń sunkún. Mo gbọ́.

Ọmọ Ebúté-Ọ̀sà ni wá. Òkun ló jẹ ìlú náà, ilé wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń gbé nínú Ilé Ìdádúró, òun àti àwọn mìíràn nínú yàrá kan, ilẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Ẹni tí kò bá rí ilẹ̀ gbà, Àgọ́ Iyanrìn ni wọ́n ń kó o lọ. Ilẹ̀ kò sí mọ́ o, àfi ilẹ̀ oko tí èèyàn ti kúrò lórí rẹ̀. Bí ayàwòrán bá fi ẹ̀rí abà kan lélẹ̀ pé ó ṣófo, wọn á pín in fún àwọn tí omi lé, ayàwòrán náà sì lè fi orúkọ ìdílé kan síwájú. Mo ti fi orúkọ ìyá mi síwájú. Ṣùgbọ́n bí èèyàn kan péré bá wà nínú ilé kan ṣoṣo, gbogbo abà di tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pín in títí ẹni náà á fi kú. Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹ́tí dáadáa nígbàkigbà tí mo bá pe àgò, tí mo sì ń gbàdúrà pé kí ibẹ̀ dákẹ́.

Bọ̀dá Láníhùn ti rìn dé ọ̀dọ̀ mi nígbà tí mo dúró níwájú ilé gbígbé. Ilé bíríkì alájà kan ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú rẹ̀ ní ìjókòó méjì.

"Sáré ṣe é," ó ní. "Àwọn ọmọ mi ti ń gbóná."

"Àgò onílé o!"

"Àgò yà o!" ohùn kan dáhùn láti inú ilé. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú oòrùn."

Ọ̀rá oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá Láníhùn. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò gbọ́ àgò yà rí. Iná kámẹ́rà pọ́n. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ẹ̀rù, ìyá mi ni, ó sì tì mí lójú pé inú bí mi sí ohùn yẹn, pé kí ló fẹ́ dáhùn fún.

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé," ni Bọ̀dá Láníhùn wí. "Ìwọ lo pè é."

Mo ti ilẹ̀kùn, ó ṣí. Pálọ̀ ni, wọ́n fi aṣọ bo àwọn àga, eruku ti bo aṣọ. Kò sí ìpa ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀ àfi tèmi. Ohùn náà tún jáde, ohùn àgbà ọkùnrin tó mọ àlejò ṣe, ara àpótí kékeré kan lára ògiri ló sì ti ń wá.

"Ẹ jókòó. Èmi ni Alábòójútó. Adìẹ yé dáadáa lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń jẹun. Ṣé kí n bá yín pè wọ́n?"

Mo wo ojú fèrèsé. Igi ọsàn kan wà níta, ó ti gbẹ dé gbòǹgbò. Kò sẹ́nì kankan lábẹ́ rẹ̀.

Bọ̀dá Láníhùn tú èémí jáde. "Ẹ̀rọ ni! Ẹ̀rọ abà lásán ni, tí wọ́n fi ń bá adìẹ sọ̀rọ̀. Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀rọ dẹ́rù bà wá. Já okùn ẹ̀, ká tún àgò pè. Òfin gbà wá láyè bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ, òfin gbà wá láyè. Okùn náà wà níbẹ̀, ó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Mo dì í mú. Mi ò mọ ohun tó mú mi bi í léèrè ọ̀rọ̀, bóyá torí pé ó kí wa dáadáa ni.

"Alábòójútó, àwọn wo ló wà nínú abà yìí?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ igi ọsàn. Ọ̀gá wà ní yàrá, wọ́n ń sùn. Ìyá wà nínú àká, wọ́n ń tọ́jú èbù iṣu tí wọ́n máa gbìn bí òjò bá rọ̀."

Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì náà jìn láàárín bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, aláǹtakùn sì ti ta okùn láti orí rẹ̀ dé ìdí. Ọ̀gá kò sí níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Ọ̀gá ti lọ.

"Ṣé o rí i?" Bọ̀dá Láníhùn wí lẹ́yìn mi. "Ohun àtijọ́ ló ń sọ. Kò mọ̀ pé wọ́n ti kú."

"Alábòójútó," mo ní, "a pe àgò sí àká lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó dáhùn."

"Wọn ò lè dáhùn," ohùn náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí àgbà máa ń rín fún àlejò tí kò mọ ìṣe ilé. "Ìyá kì í dáhùn ohùn tí wọn ò bá rí olóhùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ọmọ wọn náà nìyẹn. Bí nǹkan kan bá pè ọ́ nínú oko tí o kò rí ojú rẹ̀, pa ẹnu dé, jókòó jẹ́ẹ́, jẹ́ kó kọjá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí Ìyá, ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n rí ojú yín."

Àwa ọmọ etí omi, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ní Ebúté-Ọ̀sà, bí kùrukùru bá bo omi tí ohùn kan sì pè ọ́, o gbọ́dọ̀ dáhùn, yálà o mọ ẹni tó ni ín tàbí o kò mọ̀ ọ́n, torí bí o bá dákẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ á gun orí tìrẹ. Ìyá mi a máa dá ẹyẹ lóhùn nínú kùrukùru. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láyé yìí pé èèyàn lè wà láàyè, kí wọ́n pè é, kó sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ dákẹ́.

Ìgbà náà la gbọ́ ọ. Ó dún bí òjò tó ń bọ̀ lórí ewé kókò, ṣùgbọ́n òjò kọ́. Ẹ̀yìn wọn ti gbóná.

Mo já lu ìta. Bọ̀dá Láníhùn ń sáré tẹ̀lé mi, ó ń pariwo orúkọ mi. Nígbà tí mo fi dé ibi okùn pupa, Ikán ti yí àká ká, wọ́n ti dúdú kitikiti sí ìsàlẹ̀ ògiri níhà gbogbo, wọ́n sì ń gun òkè. Àká náà kò ní fèrèsé. Ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, mi ò lè dé ibẹ̀ láìtẹ̀ wọ́n, ẹni tó bá sì tẹ̀ wọ́n, mo ti rí ọwọ́ Bọ̀dá Láníhùn.

"Ìyá!" mo ké. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ dáhùn! Wọ́n fẹ́ wó ilé lù yín! Ẹ sọ nǹkan!"

Kò sí ohùn. Bí mo ṣe ń pariwo náà ni mo mọ̀ pé mò ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i. Ohùn mìíràn tí kò lójú ni mo tún jẹ́.

"Ìbídùn." Bọ̀dá Láníhùn di apá mi mú. "Gbọ́ mi. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹun. Ṣé o rí wọn? Ó ní ọ̀gá ń sùn. Ṣé o rí i? Adìẹ yé, ó ní adìẹ yé! Ẹ̀rọ tó ti ya wèrè ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi òkùnkùn."

"Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, Bọ̀dá."

"Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ló gbá a! Ìwọ náà rí i!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan?"

"Ìwọ náà, báwo lo ṣe mọ̀ pé ẹnìkan wà?" Ó jọ̀wọ́ apá mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé ìyá tí o kò rí rí lo máa tìtorí ẹ̀ ta ìyá tó bí ẹ?"

Ó fẹ́ràn mi ló ṣe sọ ọ́, òótọ́ sì ni. Mo wo ògiri náà. Bíríkì ìsàlẹ̀ ti ń di ìyẹ̀fun. Bí mo bá dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀, kí n má ṣe ohunkóhun, ó máa parí, ìyá mi á sì mu omi kànga yìí kí oṣù tó jáde. Kò sẹ́ni tó máa bi mí léèrè. Èmi nìkan ni màá máa bi ara mi, bóyá mi ò sì ní pẹ́ gbàgbé. Ẹ̀rù ìyẹn ló bà mí jù, pé mo lè gbàgbé.

Mo gbé kámẹ́rà, mo tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn. "Èmi Ìbídùn Ọ̀rẹ́níyì, mo gba ìbúra mi padà lórí àká yìí."

"Ṣé o rí èèyàn níbẹ̀?" kámẹ́rà bèèrè. Ohùn obìnrin kan ni wọ́n fi sí i, ohùn pẹ̀lẹ́.

"Rárá."

"Ṣé o gbọ́ ohùn èèyàn?"

"Rárá."

"Kí ni ẹ̀rí rẹ?"

"Mi ò ní ẹ̀rí."

"Bí o bá gbà á padà, Abà Ológbẹ̀nlá yóò kúrò lára ilẹ̀ ìpín, orúkọ tí o fi síwájú yóò sì kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Kò ní ṣeé dá padà. Ṣé o gbà?"

Bọ̀dá Láníhùn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ikán ti dé ìdajì ògiri.

"Mo gbà," mo ní.

Ariwo náà dá lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo Ikán já bọ́ lára ògiri, wọ́n sùn sílẹ̀, a sì ń gbọ́ ọyẹ́ nínú ewé padà. Mo tún ń retí nǹkan kan, mi ò mọ ohun tí mò ń retí. Mo kàn ń ronú pé mo ti ṣe é, pé bí àká yìí bá ṣófo, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá mi.

Mo fi ẹsẹ̀ gbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yí lọ sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn pákó ni, mo fà á. Òkùnkùn ló wà nínú, òórùn ilẹ̀ tútù àti ti nǹkan kan tí mi ò mọ̀. Mo fẹ́ pè, mo sì rántí. Mo yọ ìbòmú tí mo fi ń dènà ọyẹ́ kúrò, mo dúró sínú ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, mo jẹ́ kí ojú mi hàn, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ó pẹ́. Bọ̀dá Láníhùn mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà nǹkan kan mira nínú òkùnkùn.

"Ọmọ ta nìyẹn?"

Ìyá arúgbó kan ni, ó jókòó sáàárín òkìtì èbù iṣu, ó fi ọwọ́ kan bo ẹnu ara rẹ̀. Ìyẹ̀fun bíríkì ti bo orí rẹ̀ funfun. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo dúró sí.

"Ẹ kú ilé o, mà."

"Ìwọ lò ń ké bí iwin láti ọ̀sán?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló dé tó ò wá síwájú mi kó o sọ̀rọ̀?"

"Òfin ni, mà. Wọn ò jẹ́ ká súnmọ́ ilé."

Ó wò mí títí. Kò bínú, ó kàn ń wò mí bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. "Èèyàn tó ń fi ojú pamọ́ tó ń pe èèyàn nínú igbó," ó ní. "Ta ni í dáhùn ìyẹn?"

Etí mi dún. Ìyá mi tún ni. Mo dìde, mo rìn sẹ́yìn díẹ̀.

"Ìbí, àwọn aláṣẹ Ilé Ìdádúró ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà ilẹ̀ hàn wọ́n. Ṣé ó ti jáde?"

"Màámi, èèyàn wà níbẹ̀."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Ìyá àgbà ni."

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa, ọmọ mi. Jẹ́ kí n lọ di ẹrù mi."

Mo yọ nǹkan náà kúrò létí. Mo sunkún, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà náà ti fi ọwọ́ tilẹ̀ dìde, ó jáde sínú oòrùn, ó wo ògiri rẹ̀ tí wọ́n ti jẹ dé ìdajì, ó wo Ikán nílẹ̀, ó sì wo ọkọ̀ wa. Ó wo garawa inú ọkọ̀, èyí tó kún àti èyí tó ti ṣófo. Nígbà tó padà kọjú sí mi, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Láti ọjọ́ wo lẹ ti ń ṣe èyí?"

"Ó ti lé lọ́dún, mà."

"Àwọn ará Abà Òkè-Ọ̀pẹ, lọ́wọ́ ìwọ̀ oòrùn. Mò ń rí èéfín wọn tẹ́lẹ̀ láràárọ̀. Láti ìgbà tí òjò ti dá, mi ò rí i mọ́. Lẹ́yìn wọn, èéfín Abà Ṣẹ̀gilọlá. Ṣé ẹ dé ibẹ̀?"

Bọ̀dá Láníhùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láìwo ibi tó jókòó sí. Òun àti èmi la lọ sí Òkè-Ọ̀pẹ. Òun àti èmi la lọ sí Ṣẹ̀gilọlá.

"A dé ibẹ̀, mà."

"Bẹ́ ẹ ṣe pè mí yìí náà lẹ ṣe pè wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó súnmọ́ mi títí mo fi rí ìyẹ̀fun bíríkì lórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó rọra bi mí, bí ẹni tó ṣì ń retí èsì tó dáa.

"Ta ló dáhùn?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó dáhùn, mà."